Ìjiyàn Gbangba Tó Gba Ilé-Ìwé Wa Là

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, pálọ̀ alága ìgbìmọ̀ wa ní Sugar Land, lẹ́bàá Houston, la máa ń forí lé. Àwa mẹ́rin ni. Dókítà tó ti fẹ̀yìn tì ni alága, àwọn ló sì dàgbà jù nínú wa. Wọ́n ti wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì nílé nígbà tí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ilẹ̀ yàrá wọn ni mo sì ń sùn kí àwọn aláṣẹ tó rí bẹ́ẹ̀dì fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n, mi ò sì dáwọ́ dúró títí irun orí àwa méjèèjì fi funfun bákan náà. Ẹnì kejì jẹ́ ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ epo. Ẹnì kẹta jẹ́ obìnrin apòògùn kan, ẹlẹ́nu mímú, tí kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì. Èmi ni ẹnì kẹrin, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte, tó fẹ̀yìn tì tán, tí kò wá mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì ṣe.

Ohun tó so wá pọ̀ ni ilé-ìwé kan. Àwa la dá a sílẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe tiwa. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ará ilé lórí fóònù, wọn kì í gbà mí gbọ́. Irú ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní ṣátà ni. Ní ìpínlẹ̀ Texas níbí, bí àwọn èèyàn bá kó ara wọn jọ láìwá èrè, wọ́n lè tọ ìjọba lọ pé àwọn fẹ́ dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ìjọba á yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fún wọn ní ìwé àṣẹ, owó ìlú ni wọ́n á sì máa fi gbọ́ bùkátà ilé-ìwé náà. Ọmọ kankan kì í san kọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ kan ló ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tó de ìjọba de ìgbìmọ̀ náà. Ìwé àṣẹ kì í sì í ṣe ogún bàbá ẹni. Ó ní ìgbà tirẹ̀, bí ìgbà náà bá pé, àwọn aláṣẹ á padà wá wo ohun tí ẹ fi ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́ dọ̀tun. Bí àwọn ọmọ kò bá mọ̀wé, tàbí tí ìgbìmọ̀ bá ń tẹ òfin lójú, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, ilé-ìwé á tì, àwọn ọmọ á fọ́n ká.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀ mí pé kí n bá òun fi ọmọ-ọmọ òun síbẹ̀.

"Ẹ̀yin náà lẹ kúkú ni sukúù," ó ní. "Ẹ kàn sọ fún wọn ni."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo ni í. Àwọn tó ń wá àyè ju àyè tó wà lọ. Orúkọ rẹ̀ á wà pẹ̀lú ti àwọn yòókù, ẹni tí wọ́n bá fà yọ ló wọlé. Òfin ni."

"Tẹ́tẹ́!" ó pariwo. "Ẹ dé Amẹ́ríkà tán, ẹ wá ń fi ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́!"

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, orúkọ ọmọ náà jáde, bàbá àgbà gbé iṣu wá sílé mi láti wá dúpẹ́. Mo ní kó gbé iṣu rẹ̀ padà, pé kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́. Ó ṣẹ́jú sí mi. "Mo gbọ́ yín," ó ní. "Mo ti gbọ́ yín." Títí di òní, ó gbà pé èmi ni mo ṣe é.

Ìfẹ́ tí mo ní sí iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lára mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìlú wa kò ní ilé-ìwé girama. Àwọn ọmọ tó bá ní orí ìwé ní láti lọ máa gbé lọ́dọ̀ ará ìta. Àwọn bàbá wa dá owó kòkó jọ, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní gbogbo Sátidé, àwọn ìyá wa ń ru omi. Ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìlú sí méjì, nítorí àdúgbò òkè ń fà á, ti ìsàlẹ̀ náà ń fà á. Ṣùgbọ́n inú ilé àgbà kan ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́rí sí, wọ́n jà á tán síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì bọ́ síta, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi bá ìlú sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí aláyẹ̀wò ìjọba dé, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ bẹ́ ara wọn lórí rí. Bàbá mi máa ń fi èyí yangàn. Wọ́n ní ìlú tí àlejò bá ti gbọ́ ohùn àgbà méjì nínú rẹ̀, ó ti bàjẹ́.

Ọgbọ́n yẹn la gbé wá sí Houston. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé a gbé e wá. Kí ìgbìmọ̀ tó ṣe ìpàdé gbangba, àwa mẹ́rin á ti jókòó ní pálọ̀ alága, a ó ti yanjú gbogbo rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ́ ẹnikẹ́ni lójú òbí àti olùkọ́. Ẹnì karùn-ún ìgbìmọ̀ kì í sí níbẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó ti ṣe olórí ilé-ìwé rí kó tó fẹ̀yìn tì. Mádáàmù la ń pè é, bí a ṣe ń pe olùkọ́ wa obìnrin láyé àtijọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe pé a ń yẹra fún un. Ọ̀rẹ́ tó ń kí ọ̀rẹ́ nílé ni a ka ara wa sí, Mádáàmù sì ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀.

Ilé-ìwé wa wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú, nínú ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ti pa tì. Ibi tí wọ́n ń to ẹran dídì sí tẹ́lẹ̀ la sọ di ilé ìkàwé. Àpátímẹ́ǹtì ló yí wa ká, àwọn ọmọ inú wọn ló sì kún kíláàsì wa: àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì nílé, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dúdú, àwọn ọmọ Vietnam, àti àwọn ọmọ tiwa tí òbí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú físà iṣẹ́. Mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n láàárọ̀ Ọjọ́rú kí wọ́n kàwé sí mi létí. Ọmọ tó jẹ́ pé ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó dé, kí ọdún tó parí, òun ló ń tún kíkà mi ṣe.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìgbà ìwé àṣẹ wa pé, onílé ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ ta ilé. A ní láti kó. Ibi méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ilé tuntun lẹ́bàá Energy Corridor, tí koríko yí ká, tí fèrèsé rẹ̀ ń dán. Ẹnjiníà wa ló rí i, torí iwájú rẹ̀ ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Èkejì jẹ́ ilé bíríkì àtijọ́ kan tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ti fi ṣe ilé-ìwé rí, kò jìnnà sí wa rárá, àwọn ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Òrùlé rẹ̀ ń jò.

Ní pálọ̀, ẹ̀pà sísun àti omi tútù wà lórí tábìlì, bàtà wa wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀," alága ní. "Ilé tuntun yẹn ló yẹ wá. Àwọn aláṣẹ ń bọ̀ wá wò wá. Ṣé abẹ́ òrùlé tó ń jò la ti fẹ́ gbà wọ́n lálejò?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó jìnnà jù. Nínú àwọn òbí tó ń gbé àpátímẹ́ǹtì wọ̀nyẹn, mélòó ló ní mọ́tò?"

"Wọ́n á wá a."

"Wọ́n á wá mọ́tò?"

"Wọ́n á wá ọ̀nà." Alága tẹjú mọ́ mi bí wọ́n ṣe máa ń wò mí ní yunifásítì nígbà tó bá kàn mí láti lọ pọn omi. "Àbúrò, ṣé a ti jọ gbà?"

Mo wo apòògùn, apòògùn wo ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀.

"Bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ náà ni, sà," mo ní.

A gbàdúrà, a wọ bàtà wa, a lọ sílé.

Ní ìpàdé gbangba, nínú gbọ̀ngán tí àwọn ọmọ ti ń jẹun, alága ka ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ. Àwa mẹ́ta mi orí pé kò sí. Mádáàmù ń ṣí ìwé tó kọ ìbéèrè rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kó tó rí ojú ewé tó ń wá, a ti nawọ́ sókè. Mẹ́rin sí ọ̀kan. Kọfí tí ẹnjiníà bù kò tíì tutù.

Ìgbà náà ni obìnrin kan dìde láàárín àwọn òbí. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Yorùbá, kò tíì pẹ́ tó dé láti Èkó, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì kejì. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì fi Yorùbá là á sílẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwa òbí ń bára wa fà láti ìgbà tí onílé ti sọ̀rọ̀, tí tọkọtìyàwó ò lè sùn nítorí ẹ̀, òun lẹ fi ìṣẹ́jú péréte parí yìí? Ẹ jọ̀ọ́, pálọ̀ ta lẹ ti sè é? Torí ibi tí ẹ ti ń bù ú nìkan la rí yìí."

Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ń wò yányán. Mádáàmù fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí.

"Kí ló sọ?"

"Ó ń kí wa ni," mo ní.

"Ìkíni tó gùn tó báyìí?"

"Ẹ má ṣe ìyọnu, bàbá," nọ́ọ̀sì náà ní. "Màá túmọ̀ ẹ̀ fún wọn fúnra mi." Ó sì túmọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kò fi ìsebẹ̀ sílẹ̀, kò fi pálọ̀ sílẹ̀, ó sì fi kún un pé òun á fi tó àwọn aláṣẹ ní Austin, olú-ìlú Texas, létí. Mádáàmù kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó wo àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí oúnjẹ kì í fi í dé ọ̀dọ̀ òun ní gbígbóná.

Lọ́yà ilé-ìwé bá mi níbi tí mo gbé mọ́tò mi sí. Ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n bí sí Houston ni, ọmọ Yorùbá, èyí tó gbọ́ nínú èdè náà kò ju ti oúnjẹ, ìkíni àti ìbáwí lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbìyànjú rẹ̀ fún wa.

"Ọ́ńkù, ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ sọ ọ́ nílé?"

"A kàn lọ kí alága ni."

"Ẹ̀yin mélòó?"

"Àwa mẹ́rin."

"Nínú márùn-ún?" Ó ká ọwọ́ lérí. "Ọ́ńkù! Ìyẹn kì í ṣe ìkíni. Mítíìnì nìyẹn."

Mo ní, "Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ. Mo bọ́ bàtà mi. Mo jẹ ẹ̀pà."

"Bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ odindi màlúù, mítíìnì ni," ó ní. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì là á yé mi. Níbikíbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ bá ti pàdé, tí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, ìpàdé ìgbìmọ̀ ni lójú òfin. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti kéde rẹ̀ ṣáájú, kí ìlẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́. Owó ìlú ni, nítorí náà ìlú ló ni ọ̀rọ̀. Wọ́n lè wọ́gi lé ìbò tí a dì. Èyí tó burú jù ni pé ìwé àṣẹ wa wà níwájú àwọn aláṣẹ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí wọ́n bá wò ó pé ìgbìmọ̀ kan ń darí ilé-ìwé ìlú láti inú pálọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun fún?

Nọ́ọ̀sì kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Láìpẹ́, àwọn aláṣẹ pè wá láti Austin pé àwọn máa rán ènìyàn wá jókòó ní ìpàdé wa tó kàn. Lọ́yà sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe. A ó fagi lé ìbò náà, a ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, a ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo ayé. A kò gbọ́dọ̀ pàdé ṣáájú rẹ̀ níbikíbi.

Bí Àìkú ṣe tún pé báyìí, fóònù mi dún.

"Àbúrò, a ò rí ọ," alága ní. "Máa bọ̀ kíá. Ẹ jẹ́ ká jọ mọ ohun tí a máa sọ lọ́jọ́ náà."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè wá."

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le, ó ń kí yín. Ẹ̀gbọ́n, lọ́yà ní a ò gbọ́dọ̀ pàdé."

Alága ní, "Bí mo bá pè yín lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan ńkọ́?"

"Ó ní ìyẹn náà ò yẹ. Ó ní ìpàdé tó ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé nìyẹn."

"Irú orílẹ̀-èdè wo nìyí?" alága ní. "Àgbà ò wá lè pe àbúrò ẹ̀ mọ́?" Wọ́n fi fóònù sílẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo gbogbo ilé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ẹ̀gbọ́n mi, wọn kò pè mí rí kí n má jẹ́ wọn.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, gbọ̀ngán kún débi pé àwọn kan dúró nínú ilé ìkàwé tí wọ́n ń yọjú. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti Austin jókòó sẹ́yìn, ìwé wà lórí orúnkún wọn. Alága dìde. Aṣọ òyìnbó aláwọ̀ eérú ni wọ́n wọ̀, táì wọn gún.

"Ìbò tí a dì níjelòó," wọ́n ní, "ilé mi la ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Òfin ibí ní kò yẹ, a sì ti fagi lé e. Òní la ó bẹ̀rẹ̀." Wọ́n jókòó.

Àwa àgbà mẹ́rin ń wo tábìlì bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Níta, mọ́tò kan kọjá pẹ̀lú orin aláriwo, ó lọ. Mo ronú pé bí ìdákẹ́jẹ́ yìí bá pẹ́ sí i, àwọn méjì tó wà lẹ́yìn yẹn á pa ìwé wọn dé, a ó sì ti parí. Mo fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ́dọ̀ mi.

"Alága," mo ní, nítorí mi ò lè pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, "èmi ò gbà ká lọ sí Energy Corridor."

Wọ́n rọra yí ọrùn sí mi. "O ò gbà?"

"Mi ò gbà, sà."

"O gbà nílé mi."

"Nílé yín, mo jẹ ẹ̀pà yín. Níbí, mi ò tíì jẹ nǹkan kan."

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngán. Mo tiraka, mo sọ ọ́ tán: àwọn ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá, ẹnu ọ̀nà àpátímẹ́ǹtì tí mo máa ń rí wọn láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì tó tóbi ju ẹ̀yìn wọn lọ, àti pé ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wa sọ irú àdúgbò tí a tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹnjiníà gbà á lẹ́nu mi. "Ìrìn kékeré ni lórí fíríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ yẹn!"

"Ní aago mélòó?" apòògùn ní. "Aago tí ìwọ ń gbà á, àbí aago tí gbogbo Houston ń gbà á?"

"Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi!"

"O ti parí. O kàn ń tún un sọ ni."

Báyìí ni ìdènà ya. A bá ara wa jiyàn bí a kò ṣe jiyàn rí. Ẹnjiníà fi ọwọ́ gbá tábìlì. Apòògùn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ padà. Mo gbọ́ tí ohùn èmi náà ga, ìtìjú kò sì pa mí. Àwọn òbí ń gbé orí láti ọ̀dọ̀ wa sí ọ̀dọ̀ ara wọn bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Alága fi ọwọ́ dá wa dúró. "Ṣé ìfẹ́ tí ẹ ní sí àwọn ọmọ yìí ju tèmi lọ ni?" Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Inú ilé àlòkù ni wọ́n ń gbé. Aṣọ àlòkù ni wọ́n ń wọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń to ẹran la ti ń kọ́ wọn níwèé. Mo fẹ́ kí wọ́n jókòó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí ṣáájú wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí koríko. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá."

Nínú gbogbo Àìkú tí a fi jókòó ní pálọ̀ yẹn, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ yìí rí. Wọn kò nílò rẹ̀ níbẹ̀, nítorí wọ́n ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n.

Mádáàmù ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. "Láti ọjọ́ tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ yìí," ó ní, "òní ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ máa bínú báyìí nígbà gbogbo, ẹ jọ̀wọ́." Ó wá yíjú sí alága. "Koríko máa ń hù níbikíbi tí wọ́n bá gbìn ín sí. Òrùlé, wọ́n máa ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ bi í bóyá ó lè débẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ló ń nawọ́ sí. Ó dìde. Kò fi tẹ̀fẹ̀ sí i lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní iṣẹ́ alẹ́ ni òun ń ṣe nílé ìwòsàn, pé bí òun bá ń bọ̀ wálé láàárọ̀, ọmọ òun àti tàwọn ará ilé kejì á ti jọ rìn dé ilé-ìwé. "Bí ẹ bá gbé e lọ, bàbá, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n mi ò lè tẹ̀ lé yín. Màá mú un kúrò ni."

A dìbò. Mádáàmù, apòògùn àti èmi ní kí á dúró ní àdúgbò. Alága àti ẹnjiníà ní kí á lọ. Mẹ́ta sí méjì. Ariwo sọ, àwọn èèyàn dìde, ẹnì kan ń fẹnu súfèé. Mi ò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi.

Alága fi ọwọ́ gbá tábìlì títí ariwo fi rọlẹ̀. "Ìgbìmọ̀ ti sọ̀rọ̀," wọ́n ní. "Ilé bíríkì là ń lọ. Ta ló mọ iṣẹ́ òrùlé níbí?"

Ọwọ́ nà sókè káàkiri gbọ̀ngán. N kò mọ̀ pé àwọn bàbá tó ń kan òrùlé láàárín wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti ń pariwo iye tó máa gbà.

"Ọ́ńkù, rárá!" lọ́yà kígbe láti ẹ̀gbẹ́. "Ẹ ò lè gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni báyìí! A gbọ́dọ̀ kéde ẹ̀!"

"Òfin mìíràn tún nìyẹn," alága ní, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn méjì tó ti Austin wá pẹ̀lú. Obìnrin inú wọn ń fi ìka nu ojú.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń jáde, nọ́ọ̀sì wá kúnlẹ̀ níwájú alága. "Ẹ má bínú sí mi, bàbá."

"Kí n bínú kẹ̀? O kàn ṣí ìlẹ̀kùn ilé mi sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni." Wọ́n gbé e dìde. "Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ pé pálọ̀ la ti ń sè é?"

"Bàbá mi nílé ni, sà. Alága ẹgbẹ́ onílé ni wọ́n."

Alága rẹ́rìn-ín títí táì wọn fi yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n wá wò mí. Mo ti múra èébú sílẹ̀. "O ti pẹ́ jù kí o tó ní ẹnu," wọ́n ní. "Láti ìgbà tí o ti ń sùn nílẹ̀ yàrá mi ni mo ti ń retí ẹ̀."

Àwọn aláṣẹ kò yára dáhùn. Wọ́n yẹ ìṣirò ilé-ìwé wò, wọ́n yẹ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé wò, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ lọ gba ẹ̀kọ́ sí i lórí òfin ìpàdé. A lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú, wọ́n ń béèrè ìbéèrè bí ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Láàárín ìgbà náà, àwọn òbí kún ìpàdé wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ìran ni wọ́n ń wá wò. Ẹnjiníà àti apòògùn kì í sì í já wọn kulẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìròyìn dé, ní àkókò tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ sílé. Mọ́tò tò láti ẹnu ọ̀nà wa dé òpópónà, oòrùn ń mú lórí wọn. Èmi àti alága wà níbẹ̀ torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí òrùlé ilé bíríkì tí a ti kó sí, a wá wò ó. Lọ́yà pe fóònù alága. Mo rí i tí wọ́n ń gbọ́. Wọ́n wá gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́ kí èmi náà gbọ́ ọ, bíi pé kò dá wọn lójú pé etí wọn pé.

"Ọ́ńkù," lọ́yà ní, "wọ́n ti sọ ọ́ dọ̀tun. Gbogbo ẹ̀!"

Alága kò dúró de ìgbìmọ̀. Wọ́n kan fèrèsé mọ́tò tó wà níwájú, wọ́n sọ fún obìnrin inú rẹ̀. Obìnrin náà tẹ fèrè. Wọ́n lọ sí mọ́tò kejì, ìyẹn náà tẹ fèrè. Wọ́n ń lọ láti fèrèsé dé fèrèsé bí ẹni tó ń pín ìwé ìdìbò, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kóòtù lọ́wọ́, òógùn lójú, títí gbogbo ìlà náà fi ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn ọmọ ń fò lórí koríko tuntun, tí àwọn ará àpátímẹ́ǹtì sì jáde sí bálíkónì láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé mọ́tò nọ́ọ̀sì, tí òun náà ti ra èyí tó jẹ́ àlòkù, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì dì mọ́ wọn lójú gbogbo ayé.

Mo wọ mọ́tò tèmi. Mo gba fíríwéè lọ sílé, mo sì ń tẹ fèrè títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà mi. Àwọn tó ń kọjá mi ń wò mí tìyanu-tìyanu, ọ̀kan tilẹ̀ na ìka sí mi. Mo juwọ́ sí i, mo sì tún tẹ̀ ẹ́.